Omi tó mọ́ lẸ́rìn-Ìjẹ̀ṣà, omi tó dàrú lÓṣogbo

Bí ìsinmi ọdún Àjíǹde tàbí ti Iléyá bá ti dé, kẹ́nì kan dúró lójú títì tó lọ láti Iléṣà sí Àkúrẹ́, yóò rí mọ́tò. Bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì ni o, bọ́ọ̀sì iléèwé ni o, táwọn ọmọ yọ orí síta lójú wíńdò, tí wọ́n ń kọrin bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ nínú àhámọ́. Jíìpù àwọn ọlọ́lá láti Èkó wà níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tó dáwó jọ háyà bọ́ọ̀sì náà ò gbẹ́yìn. Ìkòkò ìrẹsì wà lẹ́yìn, kúlà wà lábẹ́ àga. Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ni gbogbo wọn ń lọ. Wọ́n ń lọ wo omi.

Ará oko tó bá rí wọn lè rẹ́rìn-ín. Ta ló ń gbéra láti Èkó, níbi tómi yí gbogbo ìlú ká, tó ń bọ̀ wá wo omi ní ìgbèríko? Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti débẹ̀ rí kò ní í béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ariwo lèèyàn máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Béèyàn bá sì wá rìn wọ inú igbó díẹ̀, tí afẹ́fẹ́ tútù fẹ́ sí i lójú, tó gbójú sókè, yóò rí omi funfun báláú tó ń já bọ́ látorí àpáta, bí ìgbà téèyàn bá tú aṣọ àlà sílẹ̀ látorí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ìpele méje ni wọ́n ka omi náà sí. Ìpele kìíní ni tọmọdé tàgbà ń dé. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń wẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ya fótò, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń jẹ ìrẹsì wọn tán kí wọ́n tó padà sílé.

Ẹni tó bá fẹ́ dé ìpele kejì àti ìkẹta yóò gun òkè o. Ibẹ̀ lèèyàn ti ń mọ bára rẹ̀ ṣe lágbára tó. Àwọn ọ̀gá tí jíjókòó sí ọ́fíìsì ti mú kí ikùn wọn máa ṣáájú wọn dé gbogbo ibi, kí wọ́n tó gun ìdajì, wọ́n á ti máa mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n á wá òkúta kan jókòó lé, wọ́n á ní àwọn ń wo igi. Àwọn ọmọge tó wọ bàtà gogoro wá, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé bàtà ọ̀hún sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ọmọ ìlú tó ń mú àlejò gun òkè kì í fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, bóyá nítorí pé ẹni tó bá rẹ̀ ló máa ń sanwó dáadáa. Wọ́n mọ òkúta tó ń yọ̀, wọ́n mọ èyí tó ṣeé tẹ̀. Kéèyàn má sọ pé òun gbọ́n jù wọ́n lọ, pàápàá lásìkò òjò, tí omi pọ̀, tí ewédò bo àpáta. Ẹni tó fẹ́ rí omi náà nígbà tó ń bínú, kó wá láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹwàá. Ẹni tó jẹ́ pé òkè ló fẹ́ gùn, kó dúró de ẹ̀ẹ̀rùn.

Ìtàn táwọn ará Ẹ̀rìn ń sọ ni pé obìnrin ló rí omi náà. Wọ́n ní Akínlà, ọmọ-ọmọ Odùduwà, ló kó àwọn èèyàn rẹ̀ kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa tẹ̀dó sí, ọdún 1140 ni wọ́n sì máa ń dá sí i. Nígbà tí wọ́n rí i bó ṣe ń já bọ́, tí kùrukùru rẹ̀ dúró bí ẹni tó fi aṣọ funfun bora, ẹ̀rù bà wọ́n. Wọ́n ní olú mìíràn rèé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ di Olúmirìn. Ta ló wà níbẹ̀ lọ́dún 1140 tó rí kàlẹ́ńdà wò? Ìyẹn ò kan àwọn ará ìlú. Ohun tó kàn wọ́n ni pé omi ọ̀hún kò gbẹ, àlejò sì ń wá.

Ebi kì í jẹ́ kéèyàn pẹ́ nídìí omi. Bí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ tán, Iléṣà ló kù, nítorí pé ẹni tó dé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí kò jẹ iyán, ìrìn-àjò rẹ̀ kò pé. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìtàn ogun lè yà sápá Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi táwọn Èkìtìparapọ̀ pa bùdó sí nínú ogun Kírìjì, ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí kò sì parí pátápátá títí di 1893. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ǹgbé ọmọ Iléṣà ló ṣáájú wọn. Òkè àti àfonífojì ibẹ̀ nìkan tó wò.

Omi náà ni wọ́n fi sọ ọba Ìjẹ̀ṣà lórúkọ. Ìtàn náà kì í ṣe tuntun: ojú Odùduwà fọ́, Ifá ní omi òkun ni wọ́n máa fi wò ó, gbogbo ọmọ ọba tó kù fà sẹ́yìn, Ajíbógun nìkan ló lọ, ó lọ bu òkun wá, bàbá rẹ̀ sì ríran. Ìdí nìyẹn tí Ọwá fi ń jẹ́ Obòkun dòní. Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn yẹn lÍléṣà lọ́sàn-án, tó wá gba ọ̀nà Òṣogbo lọ nírọ̀lẹ́, nǹkan á máa ṣe é nínú tó bá dé etí odò.

Òṣogbo kò jìnnà. Ọ̀nà ibẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 30 láti Iléṣà. Igbó Ọ̀ṣun ni wọ́n máa ń mú àlejò lọ tààrà, ohun tójú ń rí níbẹ̀ kò sì jọ ti Ẹ̀rìn rárá. Kò sí ariwo. Igi ńláńlá ni, òkùnkùn tútù ni, ọ̀bọ ń fò látorí ẹ̀ka kan sí ìkejì, wọ́n sì ń wo ọwọ́ àlejò bóyá ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ẹ̀pà wà níbẹ̀. Kí àlejò ṣọ́ra fún wọn o, wọn kì í tọrọ. Láàárín igi wọ̀nyẹn ni àwọn ère wà, tí wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ àti sìmẹ́ńtì mọ, àwọn mìíràn ga ju ilé lọ, wọ́n la apá bí ẹni tó fẹ́ gbá èèyàn mọ́ra.

Obìnrin òyìnbó kan wà nídìí iṣẹ́ yẹn. Susanne Wenger lorúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Austria tí wọ́n bí ní 1915. Ìbàdàn ló kọ́kọ́ dé ní 1950, òun àti Ulli Beier ọkọ rẹ̀. Àìsàn gbé e dè, ó di ọmọ òrìṣà, ó bá Òṣogbo lọ, wọ́n sì sọ ọ́ ní Àdùnní Olórìṣà. Nígbà tó débẹ̀, ojúbọ ti ń wó, ikán ti ń jẹ igi rẹ̀, àwọn agégẹdú àti àwọn tó fẹ́ fi ilẹ̀ kọ́lé ti ń wọlé. Òun àti àwọn oníṣọ̀nà Òṣogbo bíi Adébísí Àkànjí, Bùràímọ̀ Gbàdàmọ́sí àti Kàsálì Àkàngbé tún un kọ́. Ìjọba kéde ibẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lọ́dún 1965. Ní 2005, àjọ UNESCO fi igbó náà, hẹ́kítà 75, sínú ìwé ohun ajogúnbá gbogbo àgbáyé. Súkúr ní Adamáwá nìkan ló ṣáájú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Àdùnní kú ní ọjọ́ 12, oṣù kìíní, ọdún 2009, lẹ́ni ọdún 93. Ó ti rí i kó tó kú pé igbó náà kò ní í di páànù.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dọdẹ. Ẹja odò náà, ti Ọ̀ṣun ni, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ pa á. Gbogbo nǹkan yìí ni wọ́n máa ń sọ fún àlejò bí wọ́n ṣe ń mú un lọ, títí wọ́n á fi dé etí omi níwájú ojúbọ.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Omi tí àlejò rí ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà lówùúrọ̀ mọ́ débi pé èèyàn lè ka òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀. Èyí tó ń ṣàn kọjá níwájú ojúbọ Ọ̀ṣun ti di bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Kì í ṣe ti òjò nìkan. Odò wo ni òjò kì í dà rú? Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti dá, odò a máa tòrò. Èyí kì í tòrò mọ́ bó ṣe yẹ. Àwọn àgbà ibẹ̀ tó ti ń pọnmi níbẹ̀ láti kékeré ló mọ ìyàtọ̀ ọ̀hún jù.

Wúrà ló fà á. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ pé wúrà wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Láyé àwọn òyìnbó ni wọ́n ti ń wà á lápá Ìpẹ̀rìndó. Àwọn tó ń wà á nílànà òfin wà o, kéèyàn má parọ́ mọ́ ẹni ẹlẹ́ni. Ilé-iṣẹ́ Ṣẹ̀gilọlá yọ wúrà rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 2021, òun sì ni ibi ìwakùsà wúrà ńlá àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ọ̀nà ìgbàlódé ṣe ní Nàìjíríà. Àwọn tọ́rọ̀ yìí ń bá wí ni àwọn tó ń gbé ṣọ́bìrì àti ẹ̀rọ pọ́ǹpù wọnú igbó láìní ìwé kankan lọ́wọ́. Etí odò kéékèèké ni wọ́n fẹ́ràn jù, nítorí pé omi ló máa ń kó wúrà jọ sínú yẹ̀pẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n á gbẹ́ kòtò, wọ́n á fi pọ́ǹpù fa omi, wọ́n á fọ yẹ̀pẹ̀ náà lórí pátákó tí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí. Yẹ̀pẹ̀ fúyẹ́, omi á gbé e lọ. Wúrà wúwo, á jókòó sínú kápẹ́ẹ̀tì. Omi ẹrẹ̀ tó kù, inú odò ni wọ́n ń dà á padà sí, odò kékeré á sì gbé e fún odò ńlá.

Ẹrẹ̀ nìkan ì bá sàn. Kí èérún wúrà tó lè dì mọ́ra, mákúrì ni wọ́n ń pò ó mọ́, omi fàdákà tó máa ń yí gbirigbiri bí ìlẹ̀kẹ̀ yẹn. Wọ́n á wá fi iná sun ún kí mákúrì lè fò lọ, kí wúrà kù. Ibo ló fò lọ? Kò kúrò láyé. Á bọ́ sílẹ̀, òjò á gbá a sódò. Òjé náà máa ń wà nínú òkúta wúrà fúnra rẹ̀. Tí wọ́n bá ti fọ́ ọ lọ́lọ̀, ó di ohun tí omi lè gbé. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Urban Alert, tó fìdí kalẹ̀ sí Òṣogbo, gbé omi Ọ̀ṣun lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n sì kéde pé òjé àti mákúrì tó wà nínú omi ibi ojúbọ fi ọ̀pọ̀ ìlọ́po ju ohun tí òfin Nàìjíríà fàyè gbà lọ. Ní 2022, nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun ku díẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ jáde, ó ní kí ẹnikẹ́ni má mu omi náà.

Ẹni tó bá mọ ohun tí àwọn èèyàn ń wá lọ sí Ọ̀ṣun ni yóò mọ bí ìkìlọ̀ yẹn ṣe le tó. Ìyá olómi tútù ni wọ́n ń pe Ọ̀ṣun. Ọmọ ni wọ́n ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin tó ti gbéyàwó ọdún mẹ́wàá tí kò gbọ́ igbe ọmọ, omi yẹn ni yóò bù mu. Èyí tó bímọ lẹ́ṣìn-ín yóò padà wá, yóò bù ú fún ọmọ. Mákúrì sì rèé, inú aboyún ló ti ń ṣe ìkà tó burú jù, a máa kọjá sára oyún, a máa ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ kó tó dáyé. Òjé náà, ọmọdé ló fẹ́ràn láti pa lára. Téèyàn bá sì ní kí wọ́n se omi náà kó hó, ariwo lásán ni. Iná ń pa kòkòrò. Iná ò lè pa òjé.

Kò sì yẹ kẹ́nì kan máa rò pé àsọdùn ni. Ní Sàmfárà lọ́dún 2010, òjé láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wúrà nínú àgbàlá ilé pa ọmọdé tó lé ní 400. Àwọn ará Gánà pàápàá ti rí tiwọn. Iṣẹ́ wúrà yìí kan náà, tí wọ́n ń pè ní galamsey lọ́hùn-ún, ló sọ odò Pra di ẹrẹ̀.

Gbogbo hẹ́kítà 75 yẹn ni òfin yí ká. Agégẹdú kò lè wọlé, ọdẹ kò lè wọlé, onílé kò lè wọlé. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló ṣí sílẹ̀, ọ̀nà tí odò fúnra rẹ̀ ń gbà wọlé. Ìgèdè-Èkìtì ni Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀ wá, ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló gbà kọjá kó tó dé Òṣogbo, kò sì sí géètì lójú omi. Àwọn tí Àdùnní bá jà, ojú ló fi ń rí wọn. Ta ni ará Òṣogbo máa bá jà fún kòtò tí wọ́n gbẹ́ sínú oko olóko?

Bí wọ́n bá bi ìjọba, ọ̀rọ̀ á wá di bọ́ọ̀lù. Òfin ìwakùsà ọdún 2007 sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Àbújá ló ń fúnni níwèé. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 sọ pé gómìnà ló ń ṣàkóso ilẹ̀. Ẹbí sì wà tó ní oko. Nítorí náà, Àbújá á wo Òṣogbo, Òṣogbo á wo Àbújá, awakùsà á sì ti kúrò nínú kòtò yìí bọ́ sínú òmíràn. Kéèyàn sì sọ òótọ́: kò sí àjèjì tó lè wọnú oko olóko, kó gbé pọ́ǹpù kalẹ̀, kó máa walẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, kí onílẹ̀ má mọ̀. Ẹnì kan gbowó. Àwọn kan ta oko kòkó bàbá wọn fún iṣẹ́ yìí. Ojú wọn á ti rí màbo lọ́dún 2024, nígbà tí tọ́ọ̀nù kòkó kan wọ́n ju dọ́là 10,000 lọ lọ́jà àgbáyé, tí ibi tí igi kòkó wà tẹ́lẹ̀ sì ti di adágún ẹrẹ̀.

Kì í ṣe pé àwọn ọmọ tó wà nínú kòtò náà ń jayé o. Ilẹ̀ a máa ya lù wọ́n. Iṣẹ́ tí wọ́n ì bá ṣe nílé ni kò sí. Ẹni tó ra wúrà lọ́wọ́ wọn, tó wọkọ̀ òfúrufú lọ, òun ni kò sẹ́ni tó mọ̀.

Òṣómàáló ni wọ́n ń pe Ìjẹ̀ṣà nítorí pé bí wọ́n bá tajà àwìn, tí onígbèsè ò sanwó, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọn ò ní í dìde títí owó yóò fi pé. Gbèsè rèé nínú odò báyìí, kò tíì sẹ́ni tó lóṣòó.

Ìbàdàn náà kò yọ. Odò Ọ̀ṣun yìí kan náà ni wọ́n sé ní Aṣéjíre, tí wọ́n ń fa omi rẹ̀ wọ ìgboro Ìbàdàn. Álọ́ọ̀mù máa ń mú kí ẹrẹ̀ silẹ̀. Mákúrì kì í ṣe ẹrẹ̀.

Àwọn ará Òṣogbo ní ìtàn tiwọn nípa bí ìlú wọn ṣe jẹ́. Wọ́n ní nígbà tí Lárọ́òyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ kọ́kọ́ tẹ̀dó sétí odò, igi kan wó lulẹ̀ sínú omi, ohùn kan sì pariwo láti ìsàlẹ̀ pé ẹ̀yin oṣó inú igbó yìí, ẹ ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró mi. Lárọ́òyè kò bá a jiyàn. Ó kó àwọn èèyàn rẹ̀ sún sẹ́yìn kúrò létí odò, ibẹ̀ ni ìlú sì wà dòní.

Ṣé kéèyàn má wá lọ mọ́ ni? Rárá o. Kó lọ. Ẹni tó ń ta àkàrà ní Ẹ̀rìn, ọmọ tó ń fa àlejò lọ́wọ́ gun òkè, oníṣọ̀nà tó ń ta ère àti àdìrẹ lÓṣogbo, owó àlejò ni wọ́n ń jẹ. Bí odò bá bàjẹ́ tí àlejò kò wá mọ́, awakùsà nìkan ló kù tí yóò máa náwó níbẹ̀. Kó wẹ̀ ní Olúmirìn títí ara rẹ̀ yóò fi tutù. Kó wo igbó Ọ̀ṣun, kó bá Arugbá rìn lóṣù kẹjọ tọ́dún bá kò. Ti omi ibẹ̀ nìkan ni kó fojú wò, kó máà mú un.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó sétí odò fún wákàtí kan péré, yóò rí wọn. Wọ́n ń kúnlẹ̀, wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n ń rọ omi sínú kẹ́ẹ̀gì. Àwọn tó ń ta omi inú ọ̀rá ń polówó, wọ́n ń tà. Béèyàn bá bá wọn sọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ ìjọba, wọn kì í bínú. Wọ́n á ní àwọn ti gbọ́, ìyá kì í pa ọmọ rẹ̀, àwọn á sì jẹ́ kó silẹ̀ kí àwọn tó mu ún. Wọ́n á dé kẹ́ẹ̀gì pinpin, wọ́n á gbé e lọ sínú mọ́tò. Abẹ́ àga ni wọ́n ń gbé e sí, níbi tí kúlà wà nígbà tí wọ́n ń bọ̀.